Èèmọ́

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú fèrèsé ni mo ti mọ Àbújá:
ògiri ilé ẹnìkejì, táǹkì omi, okùn aṣọ,
àti òkè kan lẹ́yìn gbogbo rẹ̀
tó dákẹ́ bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní àga.

Èmi náà dákẹ́.
Kétu ni mo ti wá, lẹ́yìn ẹnubodè,
níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní,
tí ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nà jíjìn
á gun igi ìyeyè.
Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kúbúwà.
Bí mo bá sọ Yorùbá fún oníbúrẹ́dì,
á ní, "Yorùbá ibo lèyí?"
Ìbéèrè náà a bá mi délé, a jọ sùn.

Ládìdì ló kan ilẹ̀kùn ní Sátidé kan,
aago márùn-ún kọjá, ọyẹ́ ń bu ni jẹ.
"Wọ bàtà tó léyín. Má bèèrè."
Mo bèèrè. Kò dáhùn.
Terhemba ti wà nínú mọ́tò rẹ̀ tí ilẹ̀kùn kan kì í ṣí,
ó ń jẹ másà,
ó fún mi ní ìdajì kó tó bèèrè orúkọ mi.

Lẹ́yìn Ùṣáfà la ti bọ́ sílẹ̀.
Mo gbé kúlà ẹ̀wà ka orí, bí wọ́n ti kọ́ mi.
A ò tíì rìn jìnnà tí atẹ́gùn fi gbà á.
Kúlà ń yí, ìdérí ń sá níwájú rẹ̀,
aláǹgbá olórí pupa kan ló kọ́kọ́ dé ìdí oúnjẹ.

Ìyá Àsàbé ń bọ̀ látòkè, ọmọ Gbàgyí,
ìtì igi lé e léjìká.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ igi kalẹ̀.
Ládìdì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀:
"Ó ní ọba ni orí. Ọba kì í ru ẹrù.
Ó ní kí lo rò pé èjìká wà fún?"

Mo dúró.
Nílé wa, à ń bọ orí, à ń kì í,
à ń bẹ̀ ẹ́ kó gbè wá,
ká tó dìde, ká gbé ìtì igi kà á.

Ó yí padà, ó ṣáájú wa
lójú ọ̀nà tí ewúrẹ́ nìkan lè búra pé ó wà.
Àpáta gbóná lápá kan, ó tutù lápá kejì,
bí ìrọ̀rí aláìsùn.
Orúnkún mi sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní tún sọ níbí.

Lókè, omi Ùsúmà là kalẹ̀,
páànù ilé ń kọ mànà títí dé Bwari.
Mo wá fèrèsé mi. N kò rí i.
"Kétu dà?" Terhemba nawọ́ síhìn-ín, Ládìdì sọ́hùn-ún.
Ìyá Àsàbé, tí kò gbọ́ Kétu rí,
nawọ́ síbi tí oòrùn ń gbà relé.
Mo rò pé òun ló gbà á.
A jẹ ẹ̀wà tó kù, tòun ti yanrìn.

Látìgbà náà, a ti gun Kátámpè lẹ́ẹ̀mejì.
Gúrárá ti gbé fóònù Terhemba lọ.
Kágoro là ń lọ
nígbà tí ilẹ̀kùn mọ́tò kejì náà kọ̀.
Èmi àti Ládìdì jà lórí garawa omi kan,
ọ̀sẹ̀ méjì, a ò kíra;
níbi tí àpáta ti ń yọ̀, ó na ọwọ́ sí mi
láìwojú mi.

Ìyá mi pè lálẹ́ àná:
"Ṣé o ò rí èèmọ̀ lọ́hùn-ún?"
Mo ní, "Màmá, èèmọ́ ni mo rí."
Ó ní, "Kí lo wí?" Ìlà já.
Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣòkòtò lórí itan,
mo ń ṣa èèmọ́ etí rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn.
Mo fi mẹ́ta sílẹ̀.